Ìwé Àyẹ̀wò Tí Kò Jẹ́ Bẹ́ẹ̀ Ni, Tí Kò Sì Jẹ́ Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Àtẹ́lẹsẹ̀ wà lára ibi tí ọmọ ènìyàn kì í sábà wò lára ara rẹ̀. A ń wo ojú wa nínú dígí, a ń rí ọwọ́ wa nígbà gbogbo tí a bá ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó gbé wa láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó di ìgbà tí ẹ̀gún bá gún un kí a tó yí i sókè wò. Ní Nangbéto, ẹsẹ̀ ni ohun èlò iṣẹ́ àkọ́kọ́. Láti ọdún 1987 tí ìdídò tí ilẹ̀ Tógò àti ilẹ̀ Benin jọ kọ́ sórí odò Mono ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, adágún omi náà, tí ó ń fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 180 nígbà tí ó bá kún, ti kó apẹja àti oníṣòwò ẹja jọ sí etí rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni apẹja ń gbà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn obìnrin ń dúró sí nídìí ààrò ẹja. Bí àmì kékeré kan bá yọ sí abẹ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rí i?

Mo ń bèèrè nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé jẹjẹrẹ awọ ara jẹ́ àrùn òyìnbó, àrùn àwọn tí oòrùn ń jó lára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọ̀ dúdú wa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, nítorí náà irú mẹlanóómà tí oòrùn ń fà kò wọ́pọ̀ láàrin wa. Mẹlanóómà, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní mélanome, ni jẹjẹrẹ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn hóró ara tí ń ṣe àwọ̀ dúdú fún wa. Ṣùgbọ́n irú kan wà nínú rẹ̀ tí kò bá oòrùn tan. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ibùgbé rẹ̀, níbi tí awọ ti nípọn, tí kò sì dúdú tó ibi yòókù. Ìwọ̀n tí ó fi ń mú dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọ̀n tí ó fi ń mú funfun dọ́gba, àmọ́ nítorí pé àwọn irú yòókù ṣọ̀wọ́n láàrin wa, òun ni àwọn dókítà ń rí jù lára ènìyàn dúdú. Nítorí pé a kò retí rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí á tó rí i, pípẹ́ yẹn gan-an sì ni ó ń pa ènìyàn.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn ni Bob Marley, ẹni tí àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́ wa láti Lomé dé Atakpamé. Àmì dúdú kan wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn tí ó yí i ká rò pé bọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ràn láti máa gbá ni ó ṣe é léṣe. Ní ọdún 1977, àyẹ̀wò fi hàn pé mẹlanóómà ni. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé ọmọ ìka náà, ó kọ̀. Wọ́n yọ èékánná àti ẹran abẹ́ rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Ó padà sórí ìtàgé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980 ó ṣubú níbi tí ó ti ń sáré nínú ọgbà Central Park ní New York. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó ṣe eré kan ní Pittsburgh, èyí tí ó di eré ìkẹyìn rẹ̀. Ó lọ wá ìwòsàn títí dé Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ó kú ní Miami, ọmọ ọdún 36.

Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí dá a lẹ́bi, pé ẹ̀sìn Rasta ni kò jẹ́ kí ó gbà kí wọ́n gé ọmọ ìka kan péré. Èmi kò rò pé ó tọ́ kí á máa ṣe adájọ́ olóògbé láti orí ìjókòó wa. Lọ́nà kan ṣáá, ìdààmú tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ níhìn-ín. Àrùn Marley ní orúkọ. Wọ́n pè é ní orúkọ yẹn lójú rẹ̀, ó gbọ́, ó sì yan ọ̀nà tí ó yàn. Àwọn ẹlòmíràn wà tí wọ́n gé àmì kúrò lára wọn, tí wọ́n dúró de orúkọ, tí orúkọ náà kò sì dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń yan ẹja tà ní etí adágún Nangbéto, ó sì fún mi láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní lycée ní Atakpamé ni ó kọ́kọ́ rí àmì náà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, nígbà ìsinmi, níbi tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ fọ eruku èédú kúrò lẹ́sẹ̀. Eruku yòókù lọ, ìyẹn kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, bóyá láti ìgbà tí ó bí ọmọ náà gan-an. Ọmọ náà ní, "Màmá, ó ti fẹ̀ sí i. Ní ọdún tó kọjá kò rí báyìí." Ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, ó sì fi han olùkọ́ rẹ̀. Báyìí ni a ṣe dé iwájú dókítà.

Dókítà wọn àmì náà: mílímítà 9. Etí rẹ̀ kò gún, àwọ̀ méjì ni ó sì wà nínú rẹ̀, dúdú kirikiri lápá kan, pupa bí igi iná tí kò tíì jó tán lápá kejì. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ibẹ̀ kú, ó gé e, ó rán an, ó sì sọ ẹran náà sínú ìgò kékeré olómi. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju àkókò tí a fi ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì. Lẹ́yìn náà ni ìdúró gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni a fi retí èsì láti Lomé. Nígbà tí ìwé náà dé, ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún mi nítorí pé èdè Faransé rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ. Gbólóhùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni èyí: "Prolifération mélanocytaire atypique, de potentiel évolutif incertain. Reprise chirurgicale et surveillance conseillées."

"Àbúrò mi, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò sọ pé òun ni."

"Wọ́n sọ pé kì í ṣe òun?"

"Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ náà."

Ó gba ìwé náà padà, ó tẹjú mọ́ òǹtẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀. "Kí ni wọ́n wá gba owó mi fún?"

Ìbéèrè yẹn tọ́, ó sì yẹ kí á dá a lóhùn dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ń rò pé ẹ̀rọ kan ni ó ń ka ẹran ara ní Lomé, tí a bá ti ki ẹran bọ inú rẹ̀, èsì á jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú ìgò náà, fọ́mọ́ọ̀lù, ni kò jẹ́ kí ẹran náà jẹrà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó bá dé yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fa omi ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi ìda páráfínì rọ́pò omi náà títí tí yóò fi dúró gbagidi bí ìṣẹ́ku àbẹ́là. Ọ̀bẹ kan wà tí wọ́n fi ń há a ní pẹlẹbẹ, tí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kò nípọn tó ìdá mẹ́wàá irun orí kan. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró méjì, elésèé àlùkò àti aláwọ̀ òdòdó, kí ojú lè rí hóró ara kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ènìyàn ni yóò jókòó sídìí máíkírósíkóòpù tí yóò sì wò ó. Ẹni náà ń wo bí àwọn hóró ṣe tò, bí wọ́n ṣe jìn sínú awọ tó, bóyá wọ́n ń pín sí méjìméjì, bóyá inú wọn dúdú jù. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdájọ́.

Ẹni tí ó bá ń ta aṣọ òkè mọ ohun tí mo ń sọ. Ojúlówó sányán wà, ayédèrú wà, kò sí àríyànjiyàn lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n aṣọ kan máa ń wá tí ọlọ́jà mẹ́ta yóò fọwọ́ pa, tí wọn yóò sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Wọ́n ti dán èyí wò. Ní ọdún 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ ìwádìí kan jáde tí Joann Elmore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n kó irú pẹlẹbẹ awọ bẹ́ẹ̀ láti ara àwọn aláìsàn 240 fún àwọn dókítà 187 ní ìpínlẹ̀ 10 ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Wọ́n pín àwọn àmì náà sí ìpele márùn-ún, láti orí èyí tí kò léwu rárá dé orí mẹlanóómà tí ó ti wọlé sára dáadáa. Lórí èyí tí kò léwu, ìdájọ́ àwọn dókítà bá ti ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mu ní ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí èyí tí ó burú jù, ó bá a mu ní ìdá 72. Ṣùgbọ́n ní ìpele kejì, níbi tí àmì ti ń ṣe ségesège díẹ̀, ìdá 25 péré ni. Oṣù mẹ́jọ ó kéré tán lẹ́yìn náà, wọ́n tún kó àwọn pẹlẹbẹ kan náà fún díẹ̀ nínú àwọn dókítà náà láì sọ fún wọn. Ní ìpele kejì yìí, ojú kan náà sọ ohun kan náà ní ìdá 35 péré. Kí n sọ òdodo, àwọn olùwádìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣa àwọn tí ó ṣòro pọ̀ ju bí a ti ń rí wọn lójoojúmọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe abúlé tí iná ti ń lọ.

Kì í ṣe ọ̀ràn tuntun. Ní ọdún 1948, Sophie Spitz, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ẹran ara ní New York, kọ̀wé nípa àwọn àmì kan lára ọmọdé tí ó jọ mẹlanóómà lójú máíkírósíkóòpù ṣùgbọ́n tí kì í sábà pa àwọn ọmọ náà. Títí di òní, irú àmì bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì tún ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó wà ní Lomé kọ "incertain" sínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, kò jẹ owó rẹ̀ gbé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó kọ. Lójú tèmi, ó sàn ju kí ó ti orúkọ kan bọ ọ̀rọ̀ lọ kí aláìsàn má baà bínú.

Dókítà tí ó gé e sọ ọ́ lọ́nà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tún sọ. Ó ní, "Màmá, bí mo bá ní ẹ kò ní nǹkan kan, mo purọ́. Bí mo bá ní jẹjẹrẹ ni, mo tún purọ́. Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú yín bí ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ní in, kí ẹ sì máa gbé ilé yín bí ẹni tí kò ní in." Èkíní rọrùn. Ìkejì ni iṣẹ́.

Nínú agbo ilé, kò sí ẹni tí ó fún un láyè láti ṣe ìkejì yẹn. Apá kan sọ pé wọ́n ti gé e kúrò, kí ló tún kù? Wọ́n ní kí ó padà sídìí ààrò rẹ̀, kí ó má máa fi ìrònú pe àìsàn. Apá kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí ń lọ. Wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lóhùn jẹ́jẹ́ bí ó bá wọlé. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé adìyẹ wá, ó sì sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé àwọn tí ó ní kò sí nǹkan kan ni ó kọ́kọ́ bí òun nínú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sunkún ni ó rẹ òun jù. Ní òru, ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú àpá náà títí yóò fi dùn ún. Bí ó bá ti dùn ún, yóò rò pé àrùn náà ti dé. Bí ó bá sì tẹ ẹ́ tí kò dùn ún, yóò rò pé ó ti wọ inú lọ.

Àwa tí a ti ìdílé onífá wá mọ bí ènìyàn ṣe ń wá ìdánilójú. Bí odù bá hù, tí ọ̀rọ̀ sì kù síbẹ̀, babaláwo á kó ìbò lé aláwo lọ́wọ́, ohun kan nínú ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn nínú ọwọ́ òsì. Ọ̀kan dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, èkejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ tí a bá mú ni a ó ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n tí kò gbàgbé ilé baba rẹ̀, ní ìwé Lomé jọ ìbò tí wọ́n ṣí ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. N kò tíì rí ọ̀mọ̀wé tí ó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀mọ̀wé kan sún mọ́ ọn, ṣá. Merle Mishel, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, gbé èrò rẹ̀ lórí àìdánilójú nínú àìsàn jáde ní ọdún 1988. Ó ní àìdánilójú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi, kì í sì í ṣe ire. Ẹni tí ó bá a ni yóò kà á sí ewu tàbí sí àyè. Ní ọdún 1990 ó tún èrò náà ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ti ń wò ó bí ohun tí ó gbọ́dọ̀ tán kí ara tó lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí àìsàn wọn kò lópin fi hàn án pé ènìyàn lè wá àyè fún un nínú ayé rẹ̀, kí ó má sì máa dúró dè é kí ó tó gbé ayé náà. Bí mo ti kà á, ojú adágún ni mo rántí. Àwọn apẹja Nangbéto kì í mọ ibi tí erinmi wà ní òwúrọ̀. Wọ́n ń tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ń jìnnà sí ibi tí wọ́n ti rí i lánàá, wọ́n sì ń na àwọ̀n.

Bí ẹ bá bá ara yín nínú irú ipò yìí, àwọn nǹkan kan wà láti ṣe tí kò ní jẹ́ kí ìdúró di àìṣe nǹkan kan. Ẹ bèèrè bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́, tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ìyókù àmì náà ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìsàlẹ̀. Ẹ bèèrè ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà. Láti ìgbà tí Alexander Breslow ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1970, ìjìnlẹ̀ yìí ni àwọn dókítà fi ń mọ ohun tí mẹlanóómà lè ṣe. Èyí tí kò tíì jìn tó mílímítà 1, iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó ń tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹ sì rántí pé ìda tí ẹran náà wà nínú rẹ̀ kò ṣòfò. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún púpọ̀, a sì lè bèèrè pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ojú kejì, ní ìlú kan náà tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè. Bíbèèrè ojú kejì kì í ṣe àrífín sí dókítà àkọ́kọ́. Àwọn fúnra wọn ń ṣe é láàrin ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ta ẹja ẹ̀kún ààrò méjì kí ó tó rí owó ojú kejì. Ẹni tí ó kà á níbẹ̀ ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kò léwu, ṣùgbọ́n òun náà kò ní fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kí wọ́n tún gé etí rẹ̀ sí i. Wọ́n gé e. Nínú ẹran kejì yìí, wọn kò rí nǹkan kan mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni, a sì jẹ adìyẹ tí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé wá. Orúkọ ẹran àkọ́kọ́ ni a kò tíì mọ̀ títí di òní, ó sì ṣeé ṣe kí a má mọ̀ ọ́n láé. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, dókítà ń yẹ àpá náà wò, ó ń wo gbogbo awọ ara rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ wá kókó nínú ìtan rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àrùn ẹsẹ̀ ń gbà bọ́ sínú ara. Láàrin ìbẹ̀wò kan sí èkejì, ọmọ rẹ̀ ń ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú owó ẹyọ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà kí a lè mọ ìwọ̀n. Fọ́tò náà ni ó gba òru rẹ̀ padà fún un. Kò tún tẹ ẹ́ mọ́, ó ń dúró de ọjọ́ fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ síbi yìí, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ àmì ni a ń fi abẹ gé nílé, tàbí tí a ń fi oògùn tí ń jó nǹkan jó, tí a sì ń ju ìyókù rẹ̀ nù. Èmi kò ní nǹkan kan sí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa. Ewé wọn ni ó wo ibà mi sàn ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹran tí a bá jó kò ṣeé kà mọ́. Bí ó bá jẹ́ ohun burúkú, àwọ̀ òkè rẹ̀ ti lọ, gbòǹgbò rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, ẹ̀rí kò sì sí mọ́. Kì í sì í ṣe oníṣègùn ìbílẹ̀ nìkan. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan wà tí wọ́n ń gé àmì tí wọ́n sì ń sọ ọ́ sínú garawa nítorí pé aláìsàn kò ní owó àyẹ̀wò. Èsì tí kò dáni lójú ṣì sàn ju kí á má ní ìwé rárá lọ: ìwé ẹ̀gbọ́n mi ni ó jẹ́ kí wọ́n tún un gé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ojú tí ó mú àti fóònù lọ́wọ́, ẹ̀yin ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ni ó ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ láti ìbí, tí kò sí ewu kan níbẹ̀. Ìlà dúdú lára èékánná púpọ̀ náà wọ́pọ̀ lára wa. Èyí tí ó yẹ kí ẹ mú lọ fún dókítà ni àmì tí ń yí padà: tí apá kan rẹ̀ kò jọ apá kejì, tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, tí ó ní ju àwọ̀ kan lọ, tí ó ń fẹ̀ sí i, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí a ní ẹ̀gún ni ó fà á tí kò sì san. Bákan náà ni ìlà dúdú lára èékánná kan ṣoṣo, tí ó ń gbòòrò, tí dúdú rẹ̀ sì ti ń ṣàn jáde sórí awọ tí ó yí èékánná náà ká. Fún ara òyìnbó, wọ́n máa ń sọ pé kí àmì tó ju mílímítà 6 kí ó tó di ohun à ń fura sí. Fún àtẹ́lẹsẹ̀ tiwa, bí ó bá ti ń yí padà, ẹ má dúró de ìwọ̀n kankan.

Àwọn obìnrin tí ó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n jọ ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn tí iná ààrò bá ti kú. Wọ́n á fọ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á jókòó sórí àpótí, ọ̀kan á gbé ẹsẹ̀ lé itan èkejì. Ariwo àti ẹ̀rín wọn pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba rírìn-ín. Ní ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin mẹ́sàn-án ni ó péjọ. Ẹ̀gún méjì ni wọ́n yọ, wọ́n sì rí àmì dúdú kan ní abẹ́ ọmọ ìka kékeré, èyí tí ẹni tí ó ni ín sọ pé òun kò mọ̀ pé ó wà lára òun rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹyọ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Atakpamé.